Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ, Ẹ̀jẹ̀ Aya, àti Ọmọ Tí A Óò Bí

Bí ènìyàn bá ń gba Ṣómólú kọjá lọ sí Bàrígà ní àárín ọ̀sẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa bá a lọ láti òpópónà kan dé èkejì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní Èkó ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó wọn. Ẹ ó rí káàdì náà lórí tábìlì àwọn atẹ̀wé: orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, orúkọ àwọn òbí níhà méjèèjì, ọjọ́, ibi ìsìn, àwọ̀ aṣọ ẹbí. Gbogbo ohun tí àlejò nílò láti mọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí tọkọtaya fúnra wọn ti mọ̀ kí wọ́n tó sanwó fún atẹ̀wé: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ọkọ ní, irú èwo sì ni ìyàwó ní?

Mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin adélébọ̀ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ti kọjá àkókò káàdì. Ọmọ kan wà lẹ́yìn yín, òmíràn wà nínú oyún, ẹ sì lè máa wí nínú ọkàn yín pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ti wà nílé ọkọ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dé bá jù, nítorí pé bí ọmọ bá ń ṣàìsàn léraléra, òun ni a kọ́kọ́ máa ń bi pé kí ni ó jẹ, níbo ni ó lọ, kí ni ó mú wá láti ilé bàbá rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbéèrè náà máa ń burú ju èyí lọ, a óò sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Àrùn tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní sickle cell. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2006 pé nínú 100 ènìyàn ní Nàìjíríà, nǹkan bí 24 ni ó gbé àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún ní ilẹ̀ wa. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ayé tí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sí ìsọ̀ onídìrí pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta mìíràn, kì í ṣe ohun ìyanu bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbé àmì náà, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀.

Àwọn ìyá àgbà wa ti rí àrùn yìí kí òyìnbó tó fún un lórúkọ. Wọ́n rí ọmọ tí ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ bí ìyeyè, tí ń ké ní òru pé egungun ń ro òun, tí ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tí yóò kú lónìí, tí ó sì tún ń sáré kiri àgbàlá ní ọ̀la. Bí ó bá wá kú, tí òmíràn sì dé pẹ̀lú ìrora kan náà, wọ́n a ní ẹni àná ni ó padà wá. Wọ́n a sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Wọ́n a tilẹ̀ fi abẹ sàmì sí ara òkú ọmọ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni ó jẹ́ ọmọ alárùn yìí, nítorí pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn àìsàn ọmọdé mìíràn pa ọmọ púpọ̀ láyé ìgbà náà. Síbẹ̀, èmi kò lè fi àwọn àgbà ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ òtítọ́: àìsàn kan náà ń padà sínú ilé kan náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ni wọn kò rí, nítorí pé ọ̀nà náà kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà náà wàyí.

Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, hóró pupa tí ó wà níbẹ̀ tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Hóró tí ó dára rí roboto, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ àárín àkàrà kékeré. Ó rọ̀, ó lè ká ara rẹ̀ kò kí ó sì gba inú iṣan tóóró kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé atẹ́gùn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara, èròjà tí ó sì fi ń gbé e ni hemoglobin. Ti ọmọ alárùn yìí yàtọ̀. Bí hóró rẹ̀ bá ti sọ atẹ́gùn kalẹ̀ tán, hemoglobin inú rẹ̀ a so mọ́ra wọn, hóró náà a le, a sì tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ bí dòjé tí àgbẹ̀ fi ń gé koríko. Dòjé ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sickle. Ibẹ̀ ni àrùn náà ti gba orúkọ. James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ni ó kọ́kọ́ kọ ìròyìn irú hóró bẹ́ẹ̀ jáde ní 1910, lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Hóró tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dí ojú iṣan, ìrora egungun a sì dé. Kì í pẹ́ kú pẹ̀lú. Hóró tí ó dára a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara. Èyí tí ó tẹ̀ kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Nítorí náà ni ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó ọmọ náà, tí ojú rẹ̀ sì fi ń pọ́n bí ìyeyè.

Báwo ni ó ṣe dé inú ọmọ? Ìwé kò wúlò fún èyí tó ẹ̀wà. Ẹ mú abọ́ méjì láti inú ilé ìdáná yín. Ẹ pe ọ̀kan ní abọ́ bàbá, kí ẹ pe èkejì ní abọ́ ìyá. Ẹ fi hóró ẹ̀wà funfun kan àti hóró ẹ̀wà pupa kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, èyí tí ó dára. Pupa ni S, èyí tí ń sọ hóró ẹ̀jẹ̀ di dòjé. Bàbá tí ó ní ọ̀kan funfun àti ọ̀kan pupa ni à ń pè ní AS, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá. Kò sí èyí tí ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé A kan tó láti gbé ara ró. Ẹ wá ní kí ọmọ yín kan di ojú, kí ó mú hóró kan láti inú abọ́ bàbá àti ọ̀kan láti inú abọ́ ìyá. Méjì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni ọmọ tuntun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ dá hóró kọ̀ọ̀kan padà sínú abọ́ tí ó ti wá, kí ó sì tún mú.

Bí ẹ bá ṣe é ní ìgbà 40, ẹ ó rí i pé nǹkan bí 10 ni yóò jẹ́ funfun méjì, nǹkan bí 20 yóò jẹ́ funfun kan pupa kan, nǹkan bí 10 yóò sì jẹ́ pupa méjì. Pupa méjì ni SS, òun ni ọmọ alárùn. Ìdá kan nínú mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti máa ń wí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ tún wo ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ wo mẹ́rin mẹ́rin bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹ ó rí ibi tí pupa méjì ti wá lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ẹ ó sì rí ibi tí kò ti wá rárá fún ìgbà mẹ́fà tàbí méje. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n sì rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn bí AA méjì tẹ̀léra, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ti bá ara mu. Abọ́ kò mọ ohun tí a mú níjẹta. Oyún kọ̀ọ̀kan ni a tún ń di ojú mú.

Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, Gregor Mendel, ni ó kọ́kọ́ ka irú nǹkan báyìí pẹ̀lú sùúrù. Irúgbìn pea, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà wa, ni ó gbìn sínú ọgbà ilé ìsìn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń kà á hóró kan tẹ̀lé èkejì. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866, kò sí ẹni tí ó kà á sí títí ó fi kú.

Ẹ lè yí ẹ̀wà inú abọ́ padà kí ẹ rí ìyókù fúnra yín. Bí abọ́ kan bá ní funfun méjì, tí èkejì ní funfun kan pupa kan, ẹ lè mú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ kò ní rí pupa méjì: AA àti AS kì í bí SS. Bí ọ̀kan bá jẹ́ AS tí èkejì jẹ́ SS, ìdajì ni yóò máa jẹ́ SS. Lẹ́tà kẹta sì tún wà tí a kì í sábà dárúkọ, èyíinì ni C, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá gan-an. AC kì í ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SC, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀yà àrùn kan náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń rọrùn díẹ̀ ju SS lọ. Ẹni tí ó bá rí AC lórí ìwé, kí ó má ṣe rò pé òun ti bọ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ni ohun burúkú báyìí ń wá láàárín wa tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn ni. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS pa bí ó ti ń pa ọmọ AA. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn baba ńlá wa tí ó jẹ́ AS ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà kò pa, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wa. Kì í ṣe èpè ẹnikẹ́ni.

Hóró ẹ̀wà inú abọ́ yìí dúró fún ohun tí onímọ̀ ń pè ní jíìnì, inú DNA ni jíìnì sì wà. DNA dà bí okùn tínrín gígùn tí a ká sínú sẹ́ẹ̀lì ara, tí a kọ ìlànà bí ara yóò ṣe rí sí lára pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin péré: A, T, G àti C. Kí ẹ má ṣe pa àwọn lẹ́tà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ A àti C ti ẹ̀jẹ̀ tí a ti ń sọ; orúkọ ni ó bára mu. Lẹ́tà tí ó wà nínú ohun tí òbí kan fún ọmọ tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Nínú gbogbo bílíọ̀nù mẹ́ta yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà A sọ́tọ̀ kúrò lára S. Níbi tí ó yẹ kí a kọ GAG, GTG ni a kọ. Àwa tí a ń kọ èdè Yorùbá kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ẹ kọ ọkọ, kí ẹ fi àmì kan péré sí òkè fáwẹ̀lì tí ó gbẹ̀yìn, ó di ọkọ́. Obìnrin tí ó ń wá olólùfẹ́ bá irinṣẹ́ oko pàdé.

Ní 1953 ni Watson àti Crick ṣàlàyé bí okùn náà ṣe rí. Àwòrán tí Rosalind Franklin fi ìtànṣán yà wà lára ohun tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lé. Obìnrin yìí kú ní 1958 ní ẹni ọdún 37, ẹ̀bùn Nobel sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ní 1962. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé a kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ilé àyẹ̀wò ń gbà mọ ẹ̀jẹ̀ yín. Èyí tí ó wọ́pọ̀ kò dé ibi DNA rárá. Hemoglobin ni ó ń wò. Wọn a fọ́ hóró ẹ̀jẹ̀, wọn a kán díẹ̀ sí etí ìwé pẹlẹbẹ kan, wọn a sì tan iná mànàmáná sí i. A yóò sáré síwájú, S yóò tẹ̀lé e, C yóò gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó jẹ́ AS yóò ní ilà méjì. Ọ̀nà kejì ni DNA fúnra rẹ̀. Hóró pupa tí ó ti dàgbà kò ní DNA nínú, nítorí náà hóró funfun inú ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò. Wọn a ṣe ẹ̀dà apá kékeré tí wọ́n fẹ́ kà náà ní ọ̀kẹ́ àìmọye, ọgbọ́n kan tí a gbé jáde ní 1985, tí ó sì jẹ́ pé lára jíìnì fòníkú-fọ̀ladìde yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn fún ayé. Lẹ́yìn náà wọn a da èròjà kan sí i tí ó ń ṣiṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí. Bí ó bá bá lẹ́tà tí ó tọ̀nà pàdé, a gé okùn náà sí méjì. Bí lẹ́tà bá ti yí padà, kò ní dá a mọ̀, a sì fi í sílẹ̀ lódindi. Ohun tí a gé àti ohun tí a kò gé ni wọ́n ń kà.

Mo ti sọ pé a óò dé orí ìbéèrè tí ó burú jù. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ nígbà kan ń gbé ní Bàrígà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé AS ni òun. Ọkọ rẹ̀ mú ìwé jáde kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, AA ni a kọ sí i, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀. Àkọ́bí wọn kò ní wàhálà. Nígbà tí èkejì pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán tòru. Ilé ìwòsàn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SS.

Ẹ rántí abọ́ wa. Funfun méjì níhìn-ín, funfun kan pupa kan lọ́hùn-ún. Níbo ni pupa kejì ti wá? Ẹnìkan nínú ẹbí ọkọ ka èyí nínú ìwé, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọkọ. Màmá kò pariwo. Ó kàn pe ìyàwó wọ yàrá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní, “Ìyàwó mi, ta ni ó ni ọmọ yìí?” Láti ọjọ́ náà ni ọkọ ti ń sùn ní pálọ̀. Oṣù mẹ́rin ni ó fi sùn síbẹ̀, ìyàwó sì ti lóyún ẹ̀kẹta nígbà tí ó tó wá bá mi. Owó ni ó wá yá. Wọ́n fẹ́ ṣe àyẹ̀wò DNA láti mọ bàbá ọmọ.

Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni ọkọ rẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Nígbà wo? Ìgbà mélòó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé àyẹ̀wò kékeré kan ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n fi owó DNA sílẹ̀ ná, kí ọkọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ibi méjì tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n lọ. AS ni ibi kìíní kọ, AS ni ibi kejì kọ. Pupa kejì ti wà nínú abọ́ bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọkọ yín gbọ́. Ìwé àyẹ̀wò tí kò tọ̀nà kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ènìyàn lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sí ìgò ẹ̀jẹ̀. Iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Ẹni tí ń ka ilà lè kánjú. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ alejò ni wọn yóò kà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ó yẹ kí ó dúró tó oṣù mẹ́rin. Àwọn kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ra ìwé nítorí pé ìjọ béèrè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ. Ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ sára ìgò ní ojú yín. Ẹ ṣe é ní ibi méjì tí kò bá ara wọn tan, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ HPLC, èyí tí ń ya àwọn hemoglobin sọ́tọ̀ kedere ju ìwé pẹlẹbẹ lọ. Bí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ lọ sí ibi kẹta.

Àyẹ̀wò DNA láti mọ bàbá ọmọ jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Kì í wo lẹ́tà ẹ̀jẹ̀ nìkan. Nǹkan bí ogún ibi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára okùn ni ó máa ń yẹ̀ wò, níbi tí ènìyàn kan ti yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ìdajì ohun tí ó wà lára ọmọ gbọ́dọ̀ bá ti ìyá mu, ìdajì tí ó kù gbọ́dọ̀ bá ti bàbá mu. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní 2017 fún iṣẹ́ ilé ẹjọ́ àti irú èyí. Àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Mo ní kí a má ṣe fi í ṣe ohun àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bàbá lè tú ọ̀rọ̀ náà.

Oyún kẹta wà níbẹ̀ síbẹ̀. AS àti AS ni wọ́n wàyí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Níbi tí ìmọ̀ dé lónìí, a lè ka DNA ọmọ kí a tó bí i. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11 oyún, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ibi ọmọ, tàbí kí ó dúró di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 15 kí ó sì mú díẹ̀ nínú omi oyún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, gbé ìròyìn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí ní Áfíríkà jáde ní 1999. Òun kan náà ni ó dá àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 1994. Ọ́fíìsì rẹ̀ dojú kọ LUTH. Láti Bàrígà, ẹ gba Yábà bọ́ sí Ojúẹlẹ́gba, Ìdí-Àràbà kò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn olùdámọ̀ràn tí yóò jókòó ti tọkọtaya.

Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbà kí abẹ́rẹ́ kàn yín, nítorí pé àyẹ̀wò náà ní ewu kékeré pé oyún lè bàjẹ́, ó sì ní ìbéèrè kan lẹ́yìn: bí wọ́n bá sọ pé SS ni, kí ni ẹ ó ṣe? Òfin ilẹ̀ wa kò fi àyè gba ìṣẹ́yún àfi láti dáàbò bo ìyá. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ mọ̀. Èmi kò ní ìdáhùn kan tí mo lè fún gbogbo obìnrin, n kò sì gba ẹni tí ó ní òun ní in gbọ́. Ọmọbìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ jíròrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì pinnu pé kí abẹ́rẹ́ máa lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bí ó bá ti dé ayé.

Ìyẹn ni mo rọ gbogbo ìyá tí ó jẹ́ AS tàbí AC láti ṣe. Ẹ má ṣe dúró de ọwọ́ wíwú. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ SS kì í fi àmì kankan hàn, nítorí pé hemoglobin tí ó lò nínú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Ní àsìkò ìdákẹ́ yìí ni ó yẹ kí a ti mọ̀, kí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ penicillin láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Dókítà yóò fi folic acid àti oògùn tí ń dènà ibà kún un, bí ọmọ bá sì dàgbà díẹ̀, ó lè sọ̀rọ̀ nípa hydroxyurea, tí ń dín ìrora kù. Ti ìyá ni omi púpọ̀, aṣọ òtútù lásìkò ọyẹ́ àti òjò, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kí dókítà kọ́ yín bí a ti ń fi ọwọ́ kan abẹ́ egungun ìhà òsì ọmọ. Bí ohun tí ó wà níbẹ̀ bá wú lójijì tí ọmọ sì funfun lójú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ibà líle pẹ̀lú, ilé ìwòsàn ni. Kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo dúró dè di ọ̀la.

Ẹ ó ti gbọ́ pé wọ́n ti rí ìwòsàn rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy, èyí tí ń tún DNA inú mùdùnmúdùn egungun aláìsàn ṣe. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà ń là, kì í ṣe kí ẹ lè fi í sínú ètò ìnáwó ilé.

Ẹ̀kẹta dé, ọkùnrin ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gìgísẹ̀, AS ni. Ọmọ kejì, èyí tí a bèèrè bàbá rẹ̀, ti di ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti wọ ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìrora, ó sì tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Bàrígà, ó fẹ́ràn ìṣirò. Ọkọ ti padà sí yàrá. Ìyá ọkọ kò bẹ ìyàwó títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, òun ni ó ń jí ní òwúrọ̀ láti rọ omi kún ìgò ọmọ náà, tí ó sì ń dúró ní ẹnu ọ̀nà títí tí ọmọ yóò fi mu àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kí ó tó lọ.